Ilé Ìwòran Ẹja Monterey: Òkun Tó Wà Lẹ́yìn Dígí

Ilé ìwòran ẹja tí wọ́n ń pè ní Monterey Bay Aquarium wà ní etíkun ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní gúúsù ìlú San Francisco, níbi tí òkun Pàsífíìkì ti ya wọ inú ilẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1984 ni wọ́n ṣí i. Ní ọdún tí nǹkan bá lọ déédéé, àwọn tó ń wọ ibẹ̀ wá wòran ń tó mílíọ̀nù méjì. Ọ̀pọ̀ ilé irú èyí a máa kó ẹja jọ láti òkun káàkiri àgbáyé, kí àlejò lè rí àràǹbarà tí kò rí rí. Ọ̀nà mìíràn ni ti Monterey gbà. Òkun tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé náà gan-an ni àwọn tó dá a sílẹ̀ pinnu láti fi han aráyé. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja, akàn àti ewéko tó wà lẹ́yìn dígí ibẹ̀ jẹ́ ti omi tí ìgbì rẹ̀ ń lu ẹsẹ̀ ilé náà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ wà nínú ìtàn ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé.

Ìlú sàdíìnì

Kí ilé ìwòran tó dé, ilé-iṣẹ́ tó ń di sàdíìnì sínú agolo ló wà lórí ilẹ̀ náà. Ọmọ ilẹ̀ Norway kan tó ń jẹ́ Knut Hovden ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1916. Pietro Ferrante, apẹja tó ti Sicily wá, ti kọ́ àwọn apẹja Monterey bí wọ́n ṣe ń lo àwọ̀n tó lè ká odidi agbo ẹja mọ́. Hovden ní tirẹ̀ mú ẹ̀rọ wọ inú iṣẹ́ náà. Òru ni wọ́n ń lọ pẹja, pàápàá òru tí òṣùpá kò bá yọ. Bí agbo sàdíìnì bá ń kọjá lábẹ́ omi, wọ́n a máa rú àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó ń tàn nínú òkun sókè, àwọn apẹja á sì rí ìmọ́lẹ̀ náà láti inú ọkọ̀. Tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á fọn fèrè tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó wà lórí ibùsùn mọ ohùn fèrè ibi iṣẹ́ rẹ̀. Yóò dìde, yóò sì kọrí sí etíkun, ìbáà ṣe ọ̀gànjọ́ òru.

Láàárín ọdún 1930 sí 1945, àwọn ará Monterey ń pe ìlú wọn ní olú-ìlú sàdíìnì lágbàáyé. Inú agolo nìkan kọ́ ni ẹja náà ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fún òróró rẹ̀, tí wọ́n sì ń lọ ìyókù di ajílẹ̀ àti oúnjẹ adìyẹ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Omi òkun ti tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, sàdíìnì kì í sì í bí sí i dáadáa nínú òtútù, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kò dín iye tí wọ́n ń pa kù. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1950, àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń kógbá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Hovden ló gbẹ̀yìn, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1973.

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń pa ẹja náà, àwọn kan wà tí ojú wọn là sí ohun tó ń bọ̀. Julia Platt jẹ́ onímọ̀ nípa ẹranko tó gba oyè dókítà ní yunifásítì Freiburg ní Jámánì ní ọdún 1898. Ó ti lé ní ẹni ọdún 70 nígbà tí àwọn ará Pacific Grove, ìlú tó bá Monterey pààlà, dìbò yàn án ṣe olórí ìlú wọn ní 1931. Ó rí i pé ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ń ba etíkun jẹ́, ó sì jà títí wọ́n fi ya apá òkun tó wà níwájú ibùdó ìwádìí Hopkins Marine Station sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí apá òkun yòókù wá di ahoro, irú-ọmọ ọ̀pọ̀ ẹ̀dá kò parun nínú apá tó yà sọ́tọ̀ yẹn.

Ẹnì kejì ni Edward Ricketts, tí yàrá ìwádìí rẹ̀ wà ní òpópónà kan náà pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Hovden. Iṣẹ́ tó ń jẹ ni pé ó ń kó àwọn ẹ̀dá etíkun, ó sì ń tà wọ́n fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ìwé rẹ̀, Between Pacific Tides, jáde ní 1939. Nínú rẹ̀, ó to àwọn ẹ̀dá òkun gẹ́gẹ́ bí ibùgbé wọn: àwọn tó ń gbé ibi tí ìgbì ti ń lu àpáta, àwọn tó fara sin sínú iyanrìn, àti àwọn tó ń gbé ara òpó èbúté. John Steinbeck, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi ìwà rẹ̀ dá ẹni tó ń jẹ́ Doc nínú ìwé ìtàn Cannery Row ti ọdún 1945. Ọkọ̀ ojú irin kọlu mọ́tò Ricketts ní 1948, ó sì gba ibẹ̀ kú. Ètò tó fi ibùgbé ṣe ìpìlẹ̀ yẹn náà ni wọ́n tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń to ilé ìwòran náà.

Ọdún 1977 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Hopkins dá a lábàá pé kí wọ́n sọ ilé-iṣẹ́ Hovden tó ti di àlàpà di ilé ìwòran ẹja. Nancy Burnett, tó wà lára wọn, jẹ́ ọmọ David Packard, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard sílẹ̀. David àti ìyàwó rẹ̀, Lucile, fi mílíọ̀nù 55 dọ́là kọ́ ilé náà. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti parí rẹ̀, kí ó máa fi owó tó ń wọlé fún un gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ọmọ wọn mìíràn, Julie Packard, ló di olùdarí àkọ́kọ́, ó sì wà lórí ipò náà fún nǹkan bí 40 ọdún. Wọ́n fi àwọn ìkòkò irin ńlá tí ilé-iṣẹ́ sàdíìnì fi ń se omi gbígbóná sílẹ̀ nínú ilé náà, kí àlejò lè mọ ohun tí ibẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Omi tó ń wọlé

Ohun tó gbé gbogbo ilé náà ró ni ojú páìpù tó fa omi wá láti inú òkun. Omi tí ẹ̀rọ ń fà wọlé lè tó 7,500 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Ní ọ̀sán, wọ́n máa ń sẹ́ ẹ kí ó lè mọ́ gaara, kí ojú àlejò lè rí òdìkejì. Tí ilẹ̀ bá ṣú tí àwọn èèyàn ti lọ, wọ́n á jẹ́ kí omi òkun wọlé bó ṣe wà, láìsẹ́. Omi òru yìí ló ń gbé àwọn ẹ̀dá kéékèèké wọlé, tí àwọn ẹ̀dá tó ń fi ẹnu sẹ́ omi á fi ṣe oúnjẹ. Ó tún ń gbé ọmọ wẹ́wẹ́ àwọn ẹ̀dá òkun àti irúgbìn ewéko wá, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ àpáta, wọ́n á máa dàgbà. Nítorí náà, ohun tó wà lára àwọn àpáta inú ilé náà kì í ṣe èyí tí ọwọ́ èèyàn gbìn nìkan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé.

Igbó inú omi

Ojú àwọn tó bá kọ́kọ́ wọlé kì í pẹ́ gbé sórí igbó kelp. Kelp jẹ́ ewéko òkun tó máa ń ga bí igi ńlá. Kò ní gbòǹgbò tó ń fa oúnjẹ láti inú ilẹ̀. Ìdì okùn líle kan ló fi di àpáta mú, ewé rẹ̀ ló sì ń gba oúnjẹ nínú omi. Nídìí ewé kọ̀ọ̀kan, àpò afẹ́fẹ́ kékeré kan wà tó ń gbé e léfòó, kí ewé náà lè dé ibi tí oòrùn wà. Nínú òkun, tí omi bá tutù tí oúnjẹ sì pọ̀ níbẹ̀, kelp ńlá lè ga sí i ní nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà láàárín ọjọ́ kan.

Ilé Monterey ni ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti gbìn ín láàyè nínú ilé tó sì dàgbà. Àgbá omi rẹ̀ ga ní mítà 8.5, ó sì gba omi tó tó mílíọ̀nù 1.3 lítà. Ohun méjì ni kelp kò lè ṣe kó má ní: oòrùn, àti omi tí kò dúró sójú kan. Wọ́n kò bo orí àgbá náà kí oòrùn lè wọ inú rẹ̀ tààrà, wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ kan tó ń ti omi síwá sẹ́yìn bí ìgbì. David Packard fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá dúró níwájú dígí á rí i pé gbogbo igbó náà ń mì pa pọ̀. Ewé á fì sí ọ̀tún, á dúró díẹ̀, á sì padà fì sí òsì, àwọn ẹja tó wà láàárín rẹ̀ náà á máa bá a lọ, á máa bá a bọ̀ láìju ìrù. Ẹja ṣáàkì kékeré tó ní àmì bíi ti àmọ̀tẹ́kùn lára ń rìn nísàlẹ̀, agbo sàdíìnì sì ń yípo lókè níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé.

Ní àsìkò oúnjẹ, òmùwẹ̀ kan á wọ inú àgbá náà pẹ̀lú àpò ẹja lọ́wọ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà nínú ohun tó fi bo ojú, ó sì ń fi bá àwọn tó wà lẹ́yìn dígí sọ̀rọ̀. Ọmọdé á béèrè ìbéèrè, ọkùnrin tàbí obìnrin tó wà nísàlẹ̀ omi á sì dá a lóhùn bí ẹja ti ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òmùwẹ̀ náà ló tún ń gé kelp tó bá ti ga jù, nítorí tí wọ́n bá fi sílẹ̀, á bo ojú omi, òkùnkùn á sì mú àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Otter òkun

Kò sí ẹranko tí àlejò ń dúró tì tó otter òkun. Ẹran yìí a máa fi ẹ̀yìn léfòó, á gbé òkúta lé àyà, á sì máa gbá ìkarahun mọ́ ọn títí yóò fi fọ́. Kò ní ọ̀rá lábẹ́ awọ bí ọ̀pọ̀ ẹran omi tútù, irun rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó. Irun náà ki ju ti ẹranko mìíràn lọ láyé. Ní ibi tí kò fẹ̀ ju ínṣì kan níbùú àti lóròó, ó lè tó mílíọ̀nù kan. Nítorí òtútù omi, otter máa ń jẹ oúnjẹ tó sún mọ́ ìdámẹ́rin ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́.

Irun yìí ló mú kí àwọn oníṣòwò awọ pa á láti ọ̀rúndún kejìdínlógún títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ọdún 1911 ni àdéhùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ dáàbò bò ó. Lákòókò yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kò sí ọ̀kan mọ́ ní California, àfi ìgbà tí àwọn èèyàn rí agbo kan nítòsí odò Bixby ní etíkun Big Sur ní 1938. Àwọn tó wà ní California lónìí jẹ́ nǹkan bí 3,000, àtọmọdọ́mọ ìwọ̀nba tó yè bọ́ náà sì ni wọ́n.

Láti ọdún 1984 ni ilé náà ti ń gba àwọn otter tí wọ́n bá rí ní etíkun tó ṣàìsàn tàbí tó sọ ìyá nù. Títọ́ ọmọ otter le, nítorí tí ó bá fẹ́ràn èèyàn, kò ní lè gbé inú òkun mọ́. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ máa ń wọ aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì fi ìbojú bíi ti àwọn aṣiṣẹ́ wẹ́dà bo ojú, kí ọmọ ẹran náà má bàa mọ̀ pé èèyàn ló ń fún òun lóúnjẹ. Ní 2001, wọ́n rí ọ̀nà tó sàn ju èyí lọ. Abo otter kan tí wọ́n ń pè ní Toola, tí àìsàn kò jẹ́ kí ó lè padà sínú òkun, gba ọmọ aláìníyàá kan tọ́, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ti ń mòòkùn àti bí wọ́n ti ń fọ́ akàn. Láti ìgbà náà, àwọn abo mìíràn ti tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tú ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀ ní Elkhorn Slough, ibi tí omi òkun ti wọ àárín ẹrẹ̀ àti koríko. Ìwádìí tó jáde ní 2019 fi hàn pé ju ìdajì iye tí otter fi pọ̀ sí i níbẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 15 ló wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ yìí àti irú-ọmọ wọn.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà tó báyìí ni pé otter ló ń ṣọ́ igbó kelp. Urchin, ẹran roboto tí ẹ̀gún bò lára, ni ó máa ń jẹ ìdí kelp títí gbogbo rẹ̀ á fi wó. Otter ní tirẹ̀ ń jẹ urchin. Níbi tí otter bá wà, igbó kelp ń dúró, àwọn ọmọ ẹja sì ń rí ibi sá pamọ́ sí.

Agbami òkun

Apá tí wọ́n pè ní Open Sea jẹ́ ti agbami, níbi tí kò sí àpáta tàbí igbó. Ọdún 1996 ni wọ́n ṣí apá ilé náà. Àgbá omi ńlá tó wà níbẹ̀ gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.5 lítà. Ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ níwájú dígí rẹ̀, àwọn èèyàn a sì máa jókòó sílẹ̀ láti wò. Tuna tó wà nínú rẹ̀ kì í dẹ́kun lílúwẹ̀ẹ́, nítorí bó ṣe ń sáré ni omi ń gba ẹnu rẹ̀ wọ inú ìjàgbọ̀n tó fi ń mí. Tuna irú èyí ń mú ara rẹ̀ gbóná ju omi tó yí i ká lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹja kò lè ṣe. Àjàpá òkun wà níbẹ̀, ẹja mola náà wà níbẹ̀ tó rí pẹrẹsẹ bí ẹni pé wọ́n gé ìrù rẹ̀ kúrò. Mola tó dàgbà nínú òkun lè wọ̀n ju 2,000 kìlógíráàmù lọ, jellyfish sì wà lára oúnjẹ rẹ̀.

Ohun tó mú kí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ apá yìí ṣẹlẹ̀ ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2004, nígbà tí wọ́n gbé ọmọ ṣáàkì funfun ńlá wọ inú àgbá náà. Kò sí ilé ìwòran tó tíì lè tọ́jú irú rẹ̀ ju ọjọ́ 16 lọ kí ó tó di ìgbà náà. Púpọ̀ kọ oúnjẹ, wọ́n sì kú. Abo ṣáàkì ti Monterey yìí jẹun, ó lo ọjọ́ 198, ó sì dàgbà láti nǹkan bí 28 kìlógíráàmù dé 73. Nígbà tó pa ṣáàkì méjì mìíràn tó wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n dá a padà sínú òkun ní oṣù Ẹrẹ́nà 2005, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tó ń lọ lára rẹ̀. Mẹ́fà ni wọ́n tọ́jú lápapọ̀ títí di 2011, kí wọ́n tó fi òpin sí ètò náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ni ibi tí àwọn ọmọ ṣáàkì ń gbà lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá tú wọn sílẹ̀, ẹ̀rọ náà sì sọ ọ́ fún wọn.

Jellyfish

Jellyfish kò ní ọpọlọ, kò ní ọkàn, kò sì ní egungun. Omi ló kó nǹkan bí ìdá 95 nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀. Tí wọ́n bá fi í sínú àgbá tó ní igun, ìgbì á gbé e lọ sí igun náà, á sì fàya. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì kan, Wolf Greve, ló ṣe àgbá roboto kan ní àwọn ọdún 1960, tí omi ń yípo nínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má bàa kan ògiri. Àwọn onímọ̀ mìíràn tún un ṣe kí ó lè gba jellyfish, Monterey sì lò ó fún ìpàtẹ ńlá kan ní 1992, tó mú kí àwọn ilé ìwòran mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹ̀dá yìí.

Ní ìpàtẹ náà, àwọ̀ búlúù ló wà lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, jellyfish aláwọ̀ ọsàn sì ń fa okùn gígùn rẹ̀ káàkiri. Èyí tó kéré jù ni àlejò kì í sábà kíyè sí: kí jellyfish tó di ohun tó ń léfòó, ó kọ́kọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta bí irúgbìn, á wá gé ara rẹ̀ sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan á sì di jellyfish kékeré tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà ń gbin wọn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìpàtẹ, láìlọ kó wọn nínú òkun ní gbogbo ìgbà.

Ìsàlẹ̀ òkun

Ní Moss Landing, láàárín etíkun Monterey, àfonífojì kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ omi tó jìn wọlẹ̀ ju 3,600 mítà lọ. Kò sí ọ̀pọ̀ ibi láyé tí irú ọ̀gbun bẹ́ẹ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀ tó báyìí. Ìdí nìyí tí David Packard fi dá ilé-ìwádìí MBARI sílẹ̀ ní 1987, kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè máa fi ẹ̀rọ tí kò gbé èèyàn wọ inú ọ̀gbun náà, kí wọ́n sì máa ya àwòrán ohun tó ń gbé ibẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí ló bí ìpàtẹ ìsàlẹ̀ òkun tí ilé náà ṣí ní oṣù Igbe 2022. Mímú àwọn ẹ̀dá ibẹ̀ wá sókè kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Èyí tó ní àpò afẹ́fẹ́ nínú ara lè bẹ́ bí ó ti ń gòkè. Àwọn tí ara wọn kò ní afẹ́fẹ́ lè yè, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n mọ̀ tutù púpọ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Nítorí náà, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń yọ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kúrò nínú omi kí àwọn ẹ̀dá náà tó lè rí ibi gbé. Ọ̀kan nínú wọn pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ òkun níbi tí ìmọ́lẹ̀ pupa kò dé, dúdú ni yóò hàn, kò sì ní sí ọ̀tá tó máa rí i.

Etíkun àti ọwọ́ àlejò

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló wà lẹ́yìn dígí. Àwọn adágún kékeré wà tí àlejò lè ti ọwọ́ bọ̀ láti kan sea star, tó rí bí ìràwọ̀, àti àwọn ẹ̀dá etíkun mìíràn. Olùyọ̀ǹda ara ẹni tó dúró tì wọ́n á sọ fún ọmọdé pé kí ó fi omi rin ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì fi ìka kàn án jẹ́jẹ́, kí ó má fà á kúrò lára àpáta. Octopus ńlá ti Pàsífíìkì wà nínú àgbá tirẹ̀. Ọkàn mẹ́ta ló ní, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ búlúù. Abo rẹ̀ máa ń ṣọ́ ẹyin rẹ̀ láìjẹun títí wọ́n á fi pa, lẹ́yìn náà ni yóò kú. Àwọn ẹyẹ etíkun tó fara pa tí wọn kò lè fò mọ́ ń rìn lórí iyanrìn nínú ilé kan tí wọ́n ṣe fún wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn ìwòran náà, kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, kí ó sì dé ní kùtùkùtù, pàápàá tó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ tàbí àsìkò ìsinmi. Kí ó wo ibi tí wọ́n kọ àsìkò oúnjẹ sí, kí ó sì fi í ṣètò ìrìn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi iná kámẹ́rà tan sójú àwọn ẹ̀dá náà. Kí ó má ṣàìjáde sí pèpéle tó wà lẹ́yìn ilé, nítorí láti ibẹ̀, ó lè rí otter tó wà nínú òkun fúnra rẹ̀ láàárín kelp, kí ó rí séèlì lórí àpáta, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ó lè rí omi tí àbùùbùtán ń tú sókè lókèèrè.

Iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ìwòran

Ní 1992, ìjọba Amẹ́ríkà sọ apá òkun tó gbòòrò níwájú Monterey di ibi ààbò, wọn kò sì gba kí ẹnikẹ́ni wa epo rọ̀bì níbẹ̀. Òfin nìkan kò tó láti dáàbò bò ó. Láti ọdún 2013, àrùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa sea star ní etíkun Pàsífíìkì, títí kan irú èyí tó lè ní ọwọ́ tó 24, tó máa ń jẹ urchin. Omi òkun tún gbóná lọ́nà tó ṣàjèjì láti 2014. Urchin pọ̀ láìsí ẹni tó ń jẹ ẹ́, ju ìdá 90 nínú ìdá ọgọ́rùn-ún igbó kelp tó wà ní àríwá California sì lọ. Ní àyíká Monterey, àwọn ibì kan dúró. Àwọn olùwádìí rí i pé otter kì í jẹ urchin tó wà ní ibi tí kelp ti tán, nítorí inú wọn ti ṣófo. Àwọn tó wà nínú kelp tó ṣì wà láàyè, tí inú wọn kún, ni ó ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń ṣọ́ èyí tó kù.

Láti 1999 ni ilé náà ti ń ṣe ètò Seafood Watch, tó ń pín ẹja tí wọ́n ń tà lọ́jà sí ọ̀wọ́ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pa á: àwọ̀ ewé fún èyí tó dára jù láti rà, àwọ̀ yẹ́lò fún èyí tó ṣì ní kọ́núnkọ́họ, àti pupa fún èyí tó yẹ ká yẹra fún. Ìwé pélébé tó ń wọ àpò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Àwọn olóúnjẹ àti àwọn ilé-ìtajà ńlá ń lò ó.

Sàdíìnì fúnra rẹ̀ padà wá sí etíkun California ní àwọn ọdún 1990. Nígbà tí iye rẹ̀ tún wálẹ̀, àwọn tó ń ṣàkóso ẹja pípa dá pípa rẹ̀ fún títà dúró ní 2015. Kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ nígbà tí ẹja kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n láyé Hovden. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà méjèèjì ni pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kà wọ́n ti ń wọ etí aláṣẹ báyìí. Ìmọ̀ yẹn ni ilé ìwòran náà wà fún, àlejò sì ní ipa tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ jáde tó fẹ́ ra ẹja, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á irú ẹja tó jẹ́, ibi tí wọ́n ti pa á, àti irú àwọ̀n tí wọ́n fi pa á. Tí ẹni náà kò bá lè dáhùn, kí ó lọ rà á lọ́wọ́ ẹni tó lè dáhùn.